Kọ̀ǹpútà yín ń pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé? Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ariwo yẹn ti ń wá

Ẹ jókòó jẹ́jẹ́ yín, ẹ ń wá nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣàdédé ni gbogbo ojú kọ̀ǹpútà bá pupa fòò, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í han bíi fèrè ọlọ́pàá, ohùn obìnrin kan ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kọ̀ǹpútà yín ti kó fáírọ́ọ̀sì, pé wọ́n ti ń jí páàsíwọ́ọ̀dù yín àti nọ́ńbà káàdì yín kó lọ, pé ẹ ò gbọdọ̀ pa kọ̀ǹpútà o, kẹ́ ẹ tètè pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ẹ tẹ X, kò lọ. Ẹ tún un tẹ̀, òmíràn tún yọ sórí ẹ̀. Àyà èèyàn gbọ́dọ̀ já, kò sẹ́ni tí àyà ẹ̀ ò ní já, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì ń wá, torí ẹni tí àyà ẹ̀ ti já kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ nǹkan.

Ẹ jẹ́ ká ti orí eléyìí bẹ̀rẹ̀ ná: ojú ìwé tẹ́ ẹ ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò lè yẹ inú kọ̀ǹpútà yín wò. Bráúsà, ìyẹn sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, Chrome o, Edge o, Firefox o, Safari o, bí wọ́n ṣe ṣe gbogbo wọn ni pé wẹ́bùsáìtì tó bá ṣí nínú wọn ò ráyè wọ àárín fáìlì yín kó máa wá fáírọ́ọ̀sì kiri. Torí náà ìlà aláwọ̀ ewé tó ń sáré láti 1% lọ sí 100% yẹn, tó ń ka orúkọ fáìlì wuuruwu, tó wá dúró tó ní òun ti rí fáírọ́ọ̀sì 5, eré lásán ni, wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé kọ̀ǹpútà tuntun jáde nínú páálí báyìí tẹ́ ẹ ṣí ojú ìwé yẹn, fáírọ́ọ̀sì 5 yẹn náà ló máa rí. Kódà àwọn tó ń lo Mac ti rí i tó ń ka dráìfù C: fún wọn, tó lóun bá fáírọ́ọ̀sì nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ Mac ò ní dráìfù C: kankan, ti Windows nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń kọ àdírẹ́sì IP yín síbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá yín mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ orúkọ ìlú tẹ́ ẹ wà mọ́ ọn, kó lè jọ pé wọ́n ti wọlé tì yín. Kò sí wẹ́bùsáìtì tẹ́ ẹ máa ṣí tí ò ní rí IP yín, òun ló fi ń mọ ibi tó máa fi èsì ránṣẹ́ sí, IP yẹn náà ni wọ́n fi ń fojú bu ìlú tẹ́ ẹ wà. Kò sí idán kankan níbẹ̀.

Ti nọ́ńbà fóònù wá ńkọ́? Microsoft fúnra wọn ti sọ ọ́ gbangba pé ìkìlọ̀ tó bá wá látọ̀dọ̀ àwọn kì í ní nọ́ńbà fóònù nínú. Èyí dùn mọ́ mi nínú ju gbogbo àmì yòókù lọ, torí kò béèrè ìmọ̀ kọ̀ǹpútà rárá: tẹ́ ẹ bá ti rí ìkìlọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ní kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà kan, ayédèrú ni, ó ti parí nìyẹn, ẹ má wulẹ̀ yẹ nǹkan mìíì wò mọ́.

Ohun tí ojú ìwé yẹn ò lè ṣe fúnra ẹ̀, ọwọ́ yín ló fẹ́ fi ṣe é. Ó dà bí ẹni tó dúró síta tó ń pariwo pé ilé yín ń jóná, kẹ́ ẹ lè sáré ṣílẹ̀kùn fún un. Tẹ́ ẹ ò bá pe ẹnikẹ́ni, tẹ́ ẹ ò dáúnlóòdù nǹkan kan, tẹ́ ẹ ò san kọ́bọ̀, tẹ́ ẹ ò tẹ bọ́tìnì Allow tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ yín, kò tíì ṣe nǹkan kan fún yín.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jẹ nídìí iṣẹ́ yìí. Ní December 2008, àjọ FTC ti Amẹ́ríkà, tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, gbé iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Innovative Marketing àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é lọ sí kóòtù, àwọn ló ń ta WinFixer, DriveCleaner àtàwọn bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ayédèrú sọ́fítíwíà tó lóun ń tọ́jú kọ̀ǹpútà, FTC ní àwọn tí wọ́n ti lù ní jìbìtì lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn, nígbà tó di 2012 kóòtù dá ẹjọ́ owó tó lé ní mílíọ̀nù 163 dọ́là lé ọ̀kan nínú wọn lórí. Àwọn tó ń lo Mac náà tí wọ́n máa ń yangàn pé fáírọ́ọ̀sì ò kan àwọn, Mac Defender fojú wọn rí màbo ní 2011, orúkọ lásán ló ní, ayédèrú áńtífáírọ́ọ̀sì ni. Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé nígbà yẹn lọ́hùn-ún, sọ́fítíwíà gidi ló máa ń wọ inú kọ̀ǹpútà, èèyàn á fi ọjọ́ gbọọrọ jà kó tó lè yọ ọ́ kúrò, ìmọ̀ràn ayé ìgbà yẹn ló ṣì kún orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń fi ìwọ̀nba nǹkan díẹ̀ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wọ registry, níbi tó ń kọ ètò ẹ̀ sí, kẹ́ ẹ pa gbogbo nǹkan rẹ́ kẹ́ ẹ tún Windows fi síbẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú ìwé lásán ni, tàbí nòtífíkéṣọ̀n, ìyẹn àpótí kékeré tí bráúsà fi ń jíṣẹ́ wẹ́bùsáìtì fún yín. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ nínú wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, torí oògùn wọn ò jọra.

Tó bá gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà

Ojú ìwé nìyẹn, inú bráúsà ló wà. Ẹ má tẹ nǹkan kankan nínú ẹ̀, ì báà jẹ́ X, ì báà jẹ́ Cancel, ì báà jẹ́ èyí tó ní "No, thanks". X tẹ́ ẹ rí lókè igun yẹn lè má jẹ́ X o, wọ́n kàn yà á síbẹ̀ ni, ibikíbi tẹ́ ẹ bá sì tẹ̀ nínú àwòrán yẹn, ọ̀kan náà ló máa ṣe, ó lè tún fẹ̀ sí i tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í dáúnlóòdù nǹkan.

Kíbọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ tẹ Esc mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ojú ìwé á padà sí bó ṣe yẹ kó wà, àdírẹ́sì á tún hàn lókè. Tí ò bá gbọ́, ẹ tẹ F11. Tí ibi àdírẹ́sì bá ti hàn báyìí, ẹ bá mi wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó pa á: kì í ṣe microsoft.com lẹ máa bá níbẹ̀, orúkọ játijàti kan ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra. Ẹ wá tẹ Ctrl àti W pọ̀ láti pa táàbù yẹn, tàbí Alt àti F4 láti pa bráúsà pátá. Lórí Mac, Command àti W ló ń pa táàbù, Command àti Q ló ń pa gbogbo ẹ̀.

Ìgbà míì wà tí máúsì yín á pòórá, ẹ máa rò pé kọ̀ǹpútà ti gan. Kò gan. Ojú ìwé náà ló fi máúsì yín pa mọ́, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti Delete pa pọ̀. Ojú tó máa yọ nígbà yẹn, Windows ló ni ín, kò sí wẹ́bùsáìtì tó lè bò ó mọ́lẹ̀, ariwo tó wù kó máa pa. Ẹ mú Task Manager níbẹ̀, òun ló ń to gbogbo sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ wá orúkọ bráúsà yín, ẹ tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ wá tẹ End task. Tó bá jẹ́ Mac ni, Command, Option àti Esc lẹ máa tẹ̀ pọ̀, ẹ mú bráúsà yẹn, ẹ tẹ Force Quit. Tí gbogbo ẹ̀ ò bá wá ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì tẹ́ ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀ títí tó fi máa kú. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má pa kọ̀ǹpútà? Ẹ pa á jàre, kò sóun tó máa ṣe é ju pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ ò tíì fi pa mọ́ lè lọ.

Ibi táwọn èèyàn ti máa ń padà sẹ́nu ẹ̀ rèé: tẹ́ ẹ bá tún bráúsà ṣí, ó máa bi yín bóyá kóun dá àwọn ojú ìwé àná padà, Restore ló máa kọ síbẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ariwo yẹn náà lẹ máa bá. Safari kì í tiẹ̀ bi yín ní ti ẹ̀, ó kàn máa ń dá wọn padà ni nígbà míì, torí náà ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i, kò ní dá wọn padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo inú Downloads. Tẹ́ ẹ bá rí fáìlì tẹ́ ò bẹ̀ ẹ́ wá níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ má ṣí i láti wo ohun tó wà nínú ẹ̀, "jẹ́ n wò ó ná" ló ń kó èèyàn síyọnu. Tí ò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, tẹ́ ò sì pe ẹnì kan, ó ti tán nìyẹn lóòótọ́. Kò sídìí kẹ́ ẹ máa gbé kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Tọ́kàn yín ò bá balẹ̀, ẹ ṣí Windows Security láti Start, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ ṣe Quick scan.

Tó bá jẹ́ pé igun ìsàlẹ̀ ló ti ń yọjú

Èyí ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù nílé, torí kì í tán. Wọ́n á pa bráúsà, wọ́n á tan kọ̀ǹpútà padà, àpótí kékeré yẹn á tún yọ lápá ọ̀tún nísàlẹ̀, ó fi àmì Norton tàbí McAfee sára, ó ní àsansílẹ̀ yín ti tán, ó ní fáírọ́ọ̀sì ti pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín. Àwọn iléeṣẹ́ yẹn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, wọ́n kàn jí àmì wọn lò ni.

Ẹ sún mọ́ ọn kẹ́ ẹ kà á dáadáa, ẹ má ka lẹ́tà gàgàrà yẹn, èyí tó rí wínníwínní ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ máa rí orúkọ bráúsà yín níbẹ̀, Google Chrome tàbí Microsoft Edge, àti orúkọ wẹ́bùsáìtì kan tẹ́ ò mọ̀ rí. Àṣírí tú nìyẹn. Áńtífáírọ́ọ̀sì gidi kì í gba inú Chrome bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ ara ẹ̀ ló máa wà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Báwo ló ṣe débẹ̀? Ẹ ti fún un láyè lọ́jọ́ kan láìmọ̀. Ẹ fẹ́ wo bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù lórí wẹ́bùsáìtì kan, ojú ìwé kan wá yọ, ó ní kẹ́ ẹ tẹ Allow láti fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Allow yẹn ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú róbọ́ọ̀tì, ẹ ti fọwọ́ sí i pé kí wẹ́bùsáìtì yẹn máa fi nòtífíkéṣọ̀n ránṣẹ́ sí yín nígbà tó bá wù ú, kódà tẹ́ ò bá ṣí i mọ́ títí láé.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gba àyè yẹn padà nìyí. Lórí Chrome, ẹ kọ chrome://settings/content/notifications síbi àdírẹ́sì lókè, ẹ tẹ Enter. Ẹ wálẹ̀ lọ síbi tó kọ Allowed to send notifications, ẹ máa rí gbogbo wẹ́bùsáìtì tẹ́ ẹ ti fún láyè, ẹnu sì máa yà yín. Ẹ tẹ àmì kékeré mẹ́ta (⋮) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ò mọ̀, ẹ mú Block. Remove náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Block ló dáa jù, torí tẹ́ ẹ bá kàn yọ ọ́, ó ṣì lè tún tọrọ àyè lọ́jọ́ mìíì. Ti Edge náà ò yàtọ̀, edge://settings/content/notifications lẹ máa kọ. Firefox, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Privacy & Security, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé Permissions, ẹ máa rí Notifications, ẹ tẹ Settings tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Safari, inú Settings, lábẹ́ Websites, ni Notifications wà.

Tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn pa pátápátá kó má sí wẹ́bùsáìtì kankan táá máa tọrọ àyè nòtífíkéṣọ̀n mọ́. Inú ojú ìwé kan náà ni ẹ ti máa rí i lórí Chrome, ẹ mú èyí tó ní káwọn sáìtì má lè fi nòtífíkéṣọ̀n ránṣẹ́. Ta ló tiẹ̀ ń fẹ́ kí wẹ́bùsáìtì ìròyìn máa pe òun lórí kọ̀ǹpútà? Àyàfi tẹ́ ẹ bá ń lo email tàbí WhatsApp nínú bráúsà, ẹ lè fi àwọn yẹn nìkan sílẹ̀.

Ẹ má wá torí ohun tí mo sọ yìí gbà pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀ ṣá. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ló máa ń ní McAfee tàbí Norton ọ̀fẹ́ nínú fún ìgbà díẹ̀, tọ́jọ́ bá pé wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú yín pé kẹ́ ẹ wá san owó. Tòótọ́ nìyẹn, kò kàn ní sùúrù ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ni pé kẹ́ ẹ má tẹ àpótí yẹn, ẹ lọ sí Start, ẹ wá orúkọ sọ́fítíwíà yẹn fúnra yín, tí ò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó ń fi orúkọ ẹ̀ pè yín ń parọ́. Tó bá wà níbẹ̀, tẹ́ ò sì fẹ́ sanwó, ẹ yọ ọ́ kúrò, Microsoft Defender tó wà nínú Windows 10 àti 11 á dìde fúnra ẹ̀ á sì máa ṣọ́ yín, kò gba owó. Fún kọ̀ǹpútà ilé lásán, èmi ò rí ohun tó burú nínú lílo òun nìkan.

Tó bá ti wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀

Ẹ ti yọ gbogbo nòtífíkéṣọ̀n, ẹ ti pa bráúsà, ó ṣì ń yọ. Tàbí kí ẹ rí sọ́fítíwíà kan tó ń ṣí fúnra ẹ̀ gbàrà tẹ́ ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, tó ń ka àṣìṣe 1,247 fún yín, tó lóun ò ní tún un ṣe àfi tẹ́ ẹ bá sanwó. Tàbí kó jẹ́ pé ẹ fẹ́ wá nǹkan lórí Google, ibòmíì ló ń gbé yín lọ. Níbí, nǹkan kan ti wọlé lóòótọ́, ó ṣeé ṣe kó ti bá sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wọlé, irú èyí tẹ́ ẹ kàn ń tẹ Next, Next, Next nígbà tẹ́ ẹ ń fi í síbẹ̀.

Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Apps, ẹ wọ Installed apps, tó bá jẹ́ Windows 10 Apps & features ló máa kọ. Ẹ jẹ́ kó tò wọ́n bí ọjọ́ tí wọ́n wọlé ṣe tẹ̀ léra, ìyẹn ló máa ń tú wọn fó, torí ẹ mọ ọjọ́ tí wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àwọn tó wọlé lọ́jọ́ yẹn tàbí ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀. Èyí tẹ́ ò mọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó yọ ọ́, kẹ́ ẹ má lọ yọ èyí tí kọ̀ǹpútà yín fi ń gbé ohùn jáde. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ń yọ èyí tó burú, á máa bẹ̀ yín, á ní ṣé ó dá yín lójú, á ní kọ̀ǹpútà yín máa wà nínú ewu, á ní òun á dín owó kù fún yín. Ẹ rọra kà á kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n sábà máa ń kun bọ́tìnì tó fẹ́ fi í sílẹ̀ ní àwọ̀ tó ń dán, wọ́n á wá fi èyí tó máa yọ ọ́ sí lẹ́tà kékeré tó ṣá.

Tó bá kọ̀ tí ò fẹ́ kúrò, ìgbà yẹn ni Safe Mode tó wúlò. Ẹ tẹ Shift mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wá tẹ Restart, ẹ mú Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, tó bá ti padà dé ẹ tẹ 4. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan tó máa ń dáàbò bò ó ò ní tíì dìde.

Ó kan bráúsà. Ẹ kọ chrome://extensions, tàbí edge://extensions, tàbí about:addons tó bá jẹ́ Firefox, ẹ yọ gbogbo extension, ìyẹn àfikún kékeré inú bráúsà, tẹ́ ò rántí pé ẹ fi síbẹ̀. Nǹkan kan wà tó ń mú káwọn èèyàn rò pé àjẹ́ wà nínú ẹ̀: wọ́n á yọ ọ́, á tún padà lọ́jọ́ kejì. Ẹ wo àwọn kọ̀ǹpútà yòókù tẹ́ ẹ ti fi àkáǹtì kan náà wọlé, sync, tó ń mú kí bráúsà yín rí bákan náà lórí gbogbo wọn, ló ń gbé e káàkiri, ẹ ní láti yọ ọ́ lórí gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ṣí àmì kékeré mẹ́ta (⋮) ti Chrome tẹ́ ẹ rí i nísàlẹ̀ pé "Managed by your organization", bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà ilé ni, tí kì í ṣe ti ọ́fíìsì kankan, ẹ wọ chrome://policy kẹ́ ẹ wo àwọn òfin tí wọ́n gbé lé Chrome lórí níbẹ̀. Àwọn áńtífáírọ́ọ̀sì gidi kan máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí orúkọ extension tó ń padà yẹn níbẹ̀, ó ti yé yín ìdí tí ò fi gbọ́ràn. Níbí yìí, ọwọ́ lásán ò ká a mọ́, sọ́fítíwíà tó ń fọ̀ ọ́ ló kù. AdwCleaner, ti Malwarebytes, ọ̀fẹ́ ni, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n sì ṣe é fún. Orí wẹ́bùsáìtì Malwarebytes fúnra ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbà á o, ẹ má tẹ ìpolówó tó bá kọ́kọ́ yọ nígbà tẹ́ ẹ wá a, torí ibẹ̀ gan-an làwọn ayédèrú máa ń ba sí.

Ẹ wá parí ẹ̀ pẹ̀lú Defender: Windows Security, Virus & threat protection, Scan options, ẹ mú èyí tó ní offline scan. Ẹ fi gbogbo iṣẹ́ yín pa mọ́ ná torí ó máa tan kọ̀ǹpútà padà, á gbà tó ìṣẹ́jú 15, á yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí Windows fúnra ẹ̀ ò tíì jí, nígbà tí nǹkan burúkú yẹn náà ò tíì ráyè sá pa mọ́.

Tí bráúsà bá ṣì ń ṣí ojú ìwé àjèjì kan gbàrà tẹ́ ẹ bá tẹ àmì ẹ̀, ẹ tẹ àmì yẹn ní ọ̀tún máúsì, ẹ mú Properties, ẹ wo Target. Ó yẹ kó parí sí chrome.exe pẹ̀lú àmì ọ̀rọ̀ (") tó pa á dé. Tí àdírẹ́sì wẹ́bùsáìtì bá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ pa ìyẹn rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti pè wọ́n

Kò sí ìtìjú níbẹ̀, iṣẹ́ wọn nìyẹn, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà ná, ẹ pa Wi-Fi ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ fi AnyDesk, TeamViewer tàbí UltraViewer síbẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú àwọn sọ́fítíwíà yẹn fúnra wọn, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé ẹlòmíì á lè máa darí kọ̀ǹpútà yín látòkèèrè, ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ fi lé ló burú. Ẹ yọ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ohun tí wọ́n fi hàn yín dẹ́rù bà yín, wọ́n á ti ṣí Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ sí, wọ́n á fi àmì pupa àti yẹ́lò rẹpẹtẹ hàn yín pé fáírọ́ọ̀sì nìyẹn. Kọ̀ǹpútà Windows tó ní ìlera jù lọ náà ní àwọn àmì yẹn nínú, àwọn àṣìṣe kéékèèké tó ń kọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ lójoojúmọ́ ni.

Fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíì ni kẹ́ ẹ fi yí páàsíwọ́ọ̀dù yín padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí email, torí ẹni tó bá ní email yín lè fi gba gbogbo ìyókù. Tẹ́ ẹ bá ti fún wọn ní nọ́ńbà káàdì, tàbí tẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì báńkì nígbà tí wọ́n ń wò yín, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín ni kẹ́ ẹ pè. Tó bá jẹ́ gift card lẹ ti ra tẹ́ ẹ kà nọ́ńbà ẹ̀ fún wọn, ẹ má ju káàdì náà àti rìsíìtì nù, ẹ kàn sí iléeṣẹ́ tó ni káàdì yẹn kíá, nígbà míì owó yẹn á ṣì wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe offline scan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ tún wo Installed apps bóyá wọ́n fi nǹkan mìíì sílẹ̀.

Wọ́n tún máa padà pè yín o. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹnì kan á pè, á ní iléeṣẹ́ yẹn ti kógbá wọlé, àwọn fẹ́ dá owó yín padà, kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ ṣí àkáǹtì yín. Wọ́n á ṣe bí ẹni tó ṣèèṣì san owó jù fún yín, wọ́n á máa sunkún pé wọ́n máa lé àwọn níṣẹ́, kẹ́ ẹ dá èlé padà. Owó kankan ò wọlé, nọ́ńbà tó wà lójú ìwé báńkì yín ni wọ́n yí padà níbi tí wọ́n ti ń darí kọ̀ǹpútà yín. Ẹni tó bá sì ní òun á bá yín gba owó tó ti sọnù padà, kẹ́ ẹ san díẹ̀ ná, ará ilé wọn nìyẹn.

Kó má baà tún ṣẹlẹ̀

Àtibi ìpolówó ni ọ̀pọ̀ ojú ìwé wọ̀nyí ti ń wá, nígbà míì lórí wẹ́bùsáìtì tó mọ́ tónítóní, nígbà míì ẹ kàn ṣi orúkọ wẹ́bùsáìtì tẹ̀ ni, lẹ́tà kan ṣoṣo. Nítorí náà nǹkan tó ń dí ìpolówó ló wúlò jù: uBlock Origin lórí Firefox, uBlock Origin Lite lórí Chrome. Edge ní ohun kan tó ń jẹ́ Scareware blocker nínú Settings ẹ̀, irú ojú ìwé tó ń gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà yìí gan-an ni wọ́n ṣe é fún, ẹ tan án. Chrome ní Enhanced protection lábẹ́ Safe Browsing, tó ń kìlọ̀ fún yín nípa wẹ́bùsáìtì burúkú, ẹ tan òun náà.

Tó bá jẹ́ Windows 10 lẹ ṣì ń lò, Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí ẹ̀ ní October 14, 2025, kọ̀ǹpútà yín ò ní kú, ṣùgbọ́n àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tó máa ń wá lóṣooṣù ò ní máa wá bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, àyàfi tẹ́ ẹ bá forúkọ sílẹ̀ fún èyí tí wọ́n ń pè ní Extended Security Updates.

Oríṣi kan tún wà tó ń jà ràn-ìn báyìí, òun ló burú jù nínú gbogbo wọn lójú tèmi, torí kò pariwo. Ojú ìwé kékeré kan á ní kẹ́ ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, tàbí pé nǹkan kan bà jẹ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe, á wá kọ ọ́ fún yín ní ìgbésẹ̀: ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti R, ẹ tẹ Ctrl àti V, ẹ tẹ Enter. Wọ́n ti fi àṣẹ kan síbi tí copy máa ń wà láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá lẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin náà lẹ máa ní kó ṣiṣẹ́. Kò sí wẹ́bùsáìtì tòótọ́ kan táá ní kẹ́ ẹ tẹ Windows àti R torí pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá èèyàn ni yín. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ pa táàbù yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ti tẹ Enter kẹ́ ẹ tó ka èyí, bí ẹni tó ti jẹ́ kí wọ́n darí kọ̀ǹpútà ẹ̀ látòkèèrè ni kẹ́ ẹ ṣe é: ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti orí fóònù yí páàsíwọ́ọ̀dù, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ṣí sí, kẹ́ ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ offline scan.